Níbo ni ká fi ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn sí lórí kíbọ́ọ̀dù kékeré?

Ìbéèrè, láti Sámóńdà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń to kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́ kan jọ fúnra mi. Raspberry Pi Zero 2 W, bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni mo fi sínú rẹ̀, skríìnì rẹ̀ kò ju ti fóònù lọ, bátìrì náà ti wà nílẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ló kù. Àtàǹpàkò méjèèjì ni mo fẹ́ máa fi tẹ̀ ẹ́, bí a ṣe ń tẹ BlackBerry láyé ọjọ́un. Mo fẹ́ fi kọ Yorùbá tó pé, àmì orí, àmì abẹ́, mo sì fẹ́ fi kọ kóòdù. Àyè tí mo ní kò ju ìlà 4 lọ, ojú 12 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: 48 nìyẹn. Mo wá rò ó pé kí n yọ c, q, v, x àti z dànù, torí wọn ò sí nínú ábídí wa, kí n fi ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn méjèèjì dípò wọn. Márùn-ún jáde, márùn-ún wọlé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní orí mi ti dàrú. Ẹ bá mi dá sí i.

*

Orí rẹ ò dàrú, àbúrò. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó ṣe ìṣirò tí o ṣe. Ṣùgbọ́n má yọ wọ́n.

Wo lẹ́tà márààrún yẹn dáadáa. Ctrl+C lo fi ń ṣe kọ́pì, Ctrl+V lo fi ń lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn, Ctrl+X lo fi ń gé e, Ctrl+Z lo sì fi ń gba ara rẹ sílẹ̀ nígbà tí o bá ti pa ohun tí kò yẹ rẹ́. Mẹ́rin nínú márùn-ún tí o fẹ́ lé jáde ni ọwọ́ ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà kì í kúrò lórí wọn. Bí o bá wà nínú terminal, ojú tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, Ctrl+C yẹn náà ló ń dá ètò tó ti ya pòkíì dúró. Q tó kù ńkọ́? Òun ni wàá tẹ̀ kí o tó lè jáde nínú ojú-ewé man, ìyẹn àlàyé àwọn àṣẹ inú terminal. Ká má tíì sọ ti páswọ́ọ̀dù, ká má sọ ti àdírẹ́sì tó ń parí sí .com. Àní Ìbàdàn tá a wà yìí, báwo lo ṣe fẹ́ kọ Challenge tàbí Cocoa House fún ẹni tó ń wá ọ̀nà?

Àyè tún wà ju bí o ṣe rò lọ. Lẹ́tà 26 pẹ̀lú ẹ, ọ, ṣ jẹ́ 29. Fi àmì ohùn méjì kún un, ó di 31. Esc, Backspace, Enter, Shift, Ctrl, Alt, Fn àti spésì, ó di 39. Ọfà mẹ́rin, 43. Kọ́mà àti àmì ìdánudúró, 45. Mẹ́ta ṣì ṣẹ́ kù, bẹ́ẹ̀ a ò tíì lé ẹnikẹ́ni jáde. Nọ́ńbà àti àwọn àmì kóòdù á lọ sábẹ́ Fn, ìyẹn ni pé wàá di Fn mú kí o tó tẹ̀ wọ́n. A ó padà wá sórí mẹ́ta tó ṣẹ́ kù yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Àwọn òǹkàwé mìíràn ti kọ̀wé dá sí ọ̀rọ̀ náà; tiwọn ni mo fi sínú « ».

*

« Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kó rí bíi ti fóònù? Téèyàn bá di e mú díẹ̀, kí ẹ jáde. »

Ọ̀pọ̀ ló kọ irú èyí, ó sì yé mi. Lórí fóònù, o di e mú, àwọn ẹbí rẹ̀ tò sókè lórí gíláàsì, o fà á sórí èyí tí o fẹ́. Bọ́tìnnì tó jẹ́ rọ́bà tàbí pílásítíìkì kò ní gíláàsì tí yóò fi nǹkan hàn ọ́. Ohun tó lè ṣe ni kó dúró wò ọ́ bóyá o máa gbé ọwọ́ kúrò. Nínú QMK, ètò inú kíbọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe kíbọ́ọ̀dù fúnra wọn ń lò, ìdúró yẹn jẹ́ 200 ms bí o kò bá yí i padà, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Kò dà bí ẹni pé ó pọ̀ títí wàá fi kọ gbólóhùn kan. Èyí tó tún burú jù ni pé e lásán náà á máa jìyà, torí ẹ̀rọ náà ò lè fi e ránṣẹ́ títí o fi máa gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Tíṣà kan ní Apẹ̀tẹ̀ mú ìmọ̀ràn mìíràn wá: bọ́tìnnì kan ṣoṣo fún àmì abẹ́. Tẹ e, tẹ àmì abẹ́, ẹ jáde. Tẹ s, tẹ àmì abẹ́, ṣ jáde. Bọ́tìnnì méjì lo máa fi pamọ́ nípa bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn àgbà ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan dán an wò: ọ̀pọ̀lọpọ̀. Bí ọ bá ní bọ́tìnnì tirẹ̀, lẹ́tà méje àti àmì ohùn mẹ́ta ni, o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó parí. Bí ó bá jẹ́ bọ́tìnnì àmì abẹ́, ọ mẹ́rin di ìtẹ̀ mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ di 14. AltGr (Alt apá ọ̀tún) pẹ̀lú o náà á bọ́ sí 14, àtàǹpàkò kan á tún máa di AltGr mú nígbà tí ìkejì ń tẹ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù ńlá tí ìka mẹ́wàá ń sáré lórí rẹ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìtẹ̀ mẹ́rin. Lórí èyí tí àtàǹpàkò méjì péré ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Torí náà: bọ́tìnnì tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo fi ẹ sí apá òsì a, níbi tí Caps Lock máa ń wà lórí kíbọ́ọ̀dù ńlá tí kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó ń bínú. Mo fi ọ sí apá ọ̀tún l, lórí àyè sẹmikólọ́ọ̀nù. Ṣ wà lẹ́yìn m, kọ́mà àti àmì ìdánudúró sì sún díẹ̀ sápá ọ̀tún.

*

« Ẹ yẹn jìnnà sí e jù. Ojú máa ń wá wọn pọ̀ ni. »

Ojú ló ń wá wọn pọ̀, lóòótọ́, fún ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àtàǹpàkò ló kù. Gbé fóònù rẹ lọ́wọ́ méjèèjì báyìí, gbé e sùn, kí o wo ibi tí àtàǹpàkò rẹ balẹ̀ sí fúnra wọn: ìsúnmọ́ etí ni, kì í ṣe àárín. T, g, b, y, h àti n ni àtàǹpàkò máa ń nà dé. Bọ́tìnnì tó wà létí pátápátá tún ní àǹfààní kan: o lè mọ̀ ọ́n láìwò ó, torí lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nǹkan kan mọ́. Ẹ létí òsì, ọ létí ọ̀tún. Kò sí èyí tó ní kí o nà.

*

Ẹnì kan ní kí a da QWERTY, ètò lẹ́tà tí kíbọ́ọ̀dù wa ń lò, nù pátápátá, kí a to lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń lò wọ́n sí. Rárá o. Láti 1874 tí Remington ti gbé taìpúráítà Sholes àti Glidden jáde ni ètò yẹn ti wà. Dvorak to lẹ́tà lọ́nà mìíràn, ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1936, ó ní tòun yá jù, ẹ wo àwọn tó wà láyìíká yín, mélòó nínú wọn ló ń lò ó? Àbúrò wa ti ní QWERTY lọ́wọ́ láti orí fóònù. Ohun tó bá wá kọ́ tuntun, kó jẹ́ bọ́tìnnì tuntun nìkan.

Gb náà ńkọ́? Lẹ́tà ni nínú ábídí, mo gbà. Kò nílò bọ́tìnnì. Bí o bá to bọ́tìnnì ní ìlà tó gún régé, láìsún ìlà kan síwájú èkejì, b á bọ́ sábẹ́ g tààrà. Àtàǹpàkò á kàn yọ̀ sísàlẹ̀ ni. Bí gb yóò ṣe tẹ̀lé g nínú ìwé atúmọ̀ èdè, iṣẹ́ ètò tó ń to ọ̀rọ̀ nìyẹn.

*

Ó kan àmì ohùn. Kí a má baà da ti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ àmì abẹ́ lẹ́tà, mí ni mo ń pe ti òkè, dò ni mo ń pe ti ìsàlẹ̀.

Màmá kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó kọ̀wé pé àmì ló yẹ kó ṣáájú lẹ́tà. Ẹ ṣeun, mà. Mo mọ ibi tí ẹ ti mú un wá. Lórí taìpúráítà tó ní àmì, bọ́tìnnì àmì kì í sún ìwé síwájú: ẹ ó tẹ àmì, ìwé á dúró gbọn-in, ẹ ó wá tẹ lẹ́tà sábẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò ní àmì ńkọ́? Bírò ni, gbogbo wa la rí irú iṣẹ́ àṣekágbá bẹ́ẹ̀, tí àmì rẹ̀ jẹ́ búlúù tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ dúdú. Kọ̀ǹpútà jogún àṣà àmì-ṣáájú yẹn, ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n mà, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí skríìnì. Ẹ tẹ dò, kò sí nǹkan tó yí padà. Ẹnì kan pè yín, ẹ yíjú, ẹ padà dé: ṣé ẹ ti tẹ dò àbí ẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́? Skríìnì ò lè sọ. Bí lẹ́tà bá ṣáájú, ẹ ó rí lẹ́tà náà, ẹ ó sì rí àmì bí ó ṣe ń gorí rẹ̀. Nínú Unicode náà, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, lẹ́tà ló ń ṣáájú: dò tó ń gorí lẹ́tà ni U+0300, mí ni U+0301, ẹ̀yìn lẹ́tà tó gùn ni wọ́n sì máa ń wà. Bọ́tìnnì méjì kan náà yìí ló máa ṣiṣẹ́ fún n àti m tó bá ń dá dúró bíi sílébù. Àwọn tó máa ń fi àmì àárín sórí irú n bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lo Shift pẹ̀lú mí.

Ó tún ku Backspace. Àwọn kan kà á sí àbùkù pé nínú ọ̀pọ̀ ètò, bí o bá pa ẹ́ rẹ́, mí nìkan ló máa kọ́kọ́ lọ, ẹ á ṣẹ́ kù. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohùn ni mo sábà máa ń fẹ́ tún ṣe, kì í ṣe lẹ́tà.

*

« Dò lósì, mí lọ́tùn-ún. Ara àmì fúnra rẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀: dò dà gbẹ̀rẹ̀ sápá òsì, mí dà sápá ọ̀tún. »

Ọ̀gá tó kọ èyí láti Bódìjà mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àwòrán rẹ̀ dùn ún wò. Ẹ wá fi kọ orúkọ ìlú wa. Ìtẹ̀ mẹ́sàn-án ni Ìbàdàn: i, dò, b, a, dò, d, a, dò, n. Bí dò bá wà lósì, àtàǹpàkò òsì ló máa tẹ méje nínú mẹ́sàn-án, ti ọ̀tún á tẹ i, á sinmi títí n á fi dé. Kò burú, ẹ ní kí a gbé dò lọ sọ́tùn-ún? Ó dáa. Ẹ wá padà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ọ wà lọ́tùn-ún, p wà lọ́tùn-ún, l wà lọ́tùn-ún, dò náà ti dé ọ̀tún: ìtẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di ti àtàǹpàkò kan ṣoṣo. Ibi yòówù kí a gbé e sí, ọ̀rọ̀ kan á dìde tí yóò fi ìyà jẹ ọwọ́ kan.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a má ná ojú mẹ́ta tó ṣẹ́ kù. Fi mí àti dò sí apá méjèèjì spésì. Méjì lósì, méjì lọ́tùn-ún, kí ọwọ́ tó bá ṣófo tẹ̀ ẹ́. Ojú méjì ló gbà. Ojú kẹta, fi fẹ spésì kó gba àyè méjì. Ó pé 48, bọ́tìnnì 47. Bí o bá ń kọ Ìbàdàn báyìí, òsì á gba márùn-ún, ọ̀tún á gba mẹ́rin. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ á di méje àti mẹ́ta.

Wọ́n ti ń pariwo pé ìfiṣòfò ni, pé bọ́tìnnì méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà kò bójú mu lórí nǹkan kékeré, pé kí n kó àmì ohùn sábẹ́ Fn kí n sì fi àyè wọn ṣe nọ́ńbà. Ẹni tó bá fi àmì ohùn sábẹ́ Fn ti gbé iyọ̀ ọbẹ̀ sórí àjà. Kò sí bọ́tìnnì lẹ́tà kan tí wàá tẹ̀ tó dò nínú ojú-ewé Yorùbá kan tó ní àmì pípé. Ka ìpínrọ̀ kan nínú ìwé tó bá wù ọ́, wàá rí i. Shift wà lápá méjèèjì lórí gbogbo kíbọ́ọ̀dù ńlá, ẹnikẹ́ni ò tíì pè é ní ìfiṣòfò.

Bó ṣe máa rí nìyí, àbúrò:

Esc q w e r t y u i o p Backspace
ẹ a s d f g h j k l ọ Enter
Shift z x c v b n m ṣ , . ↑
Ctrl Alt Fn mí dò spésì dò mí ← → ↓

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á bínú sí ọfà yẹn. ↑ wà lórí ↓ létí ọ̀tún, ← àti → wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Bó ṣe bọ́ sí nìyẹn. Ọwọ́ á mọ̀ ọ́n.

*

Ká kúrò lórí lẹ́tà díẹ̀, ká wá sórí wáyà, torí ẹni tó béèrè tún ní òun fẹ́ so bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ lára Pico, bọ́ọ̀dù kékeré tí yóò máa ka ìtẹ̀.

Kò ní ṣeé ṣe. Ẹsẹ̀ 26 ni Raspberry Pi Pico fi síta fún irú iṣẹ́ yìí, bọ́tìnnì rẹ jẹ́ 47. Ṣe é ní ìlà àti òpó: ìlà 4, òpó 12, ẹsẹ̀ 16 péré ló máa gbà. Bọ́ọ̀dù Pro Micro tó ní 18 gan-an máa gbé e. Ẹ̀rọ náà á máa ta iná sí ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, á sì máa wo òpó tí iná náà ti yọ.

Wàhálà rẹ̀ ni pé bí o bá tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta tó wà ní igun mẹ́ta nínú igun mẹ́rin kan, ẹ̀rọ á rò pé o tẹ ìkẹrin náà. Dáyóòdù, páàtì kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, la fi ń dá a dúró, ọ̀kan fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, 1N4148 ni gbogbo ayé ń lò. Ọ̀rẹ́ kan kọ̀wé pé àtàǹpàkò jẹ́ méjì, pé bọ́tìnnì mẹ́ta ò lè wọlé lẹ́ẹ̀kan, kí la wá fẹ́ fi dáyóòdù ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Bí o bá ṣe Shift ní irú èyí tí wàá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí yóò dúró de lẹ́tà tó ń bọ̀, méjì ni wọn á máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá tí o sì nílò Ctrl+Alt pẹ̀lú nǹkan mìíràn ńkọ́? Dáyóòdù ò wọ́n. Lọ sí Ògúnpa lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì rédíò, ra wọ́n pọ̀, sódà wọn, kí gbogbo wọn kọjú sí apá kan náà.

Nígbà tí o bá wà níbẹ̀, má ra swíìṣì kékeré onígun 6 mm láìtẹ̀ ẹ́ wò. Bákan náà ni wọ́n jọ, ṣùgbọ́n àwọn kan le gan-an, wọ́n ṣe wọ́n fún bọ́tìnnì tí wàá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò níwájú ẹni tó ń tà á, lọ́pọ̀ ìgbà, tẹ òmíràn. Kí ojú rẹ má tì ọ́. Ojú-ewé kan péré, swíìṣì líle á ti mú kí àtàǹpàkò máa ro ọ́.

Ti bí bọ́tìnnì ṣe máa jìnnà síra, 19.05 mm ni ti kíbọ́ọ̀dù ńlá, kò sì kàn wá. Ihò Vero board, pátákó oníhò tí a ń sódà páàtì sí, jẹ́ 2.54 mm síra. Ka ihò mẹ́rin láti bọ́tìnnì kan dé èkejì, 10.16 mm nìyẹn. Òpó 12 á jẹ́ nǹkan bí 122 mm ní gígùn, ìlà 4 á jẹ́ 41 mm. Ó ṣeé dì mú. Bí o bá sọ ọ́ di ihò mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á dín sí 91 mm, àmọ́ swíìṣì 6 mm lórí àyè 7.62 mm túmọ̀ sí pé èékánná nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

*

« Mo ti so tèmi tán. Bọ́tìnnì ẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí bí mo ṣe máa ní kó fi ẹ ránṣẹ́. »

Kò ní fi ẹ ránṣẹ́ láéláé. Kíbọ́ọ̀dù USB kì í fi lẹ́tà ránṣẹ́. Nọ́ńbà bọ́tìnnì ló ń fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà ló ń pinnu lẹ́tà tí nọ́ńbà yẹn jẹ́. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, mo sì ní èyí tí mo fẹ́.

QMK lè tẹ Ctrl+Shift+U àti nọ́ńbà Unicode fúnra rẹ̀, 1eb9 fún ẹ. Lórí Linux, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ètò kan, kò ṣiṣẹ́ nínú òmíràn, o sì lè máa wo nọ́ńbà náà bó ṣe ń já lulẹ̀ lójú rẹ. Mi ò fẹ́ ẹ. Ìkejì ni kí bọ́tìnnì kan ṣoṣo yẹn fi AltGr àti e ránṣẹ́ pọ̀, kí o sì sọ fún kọ̀ǹpútà pé AltGr+e ni ẹ. Èyí dára bí o bá fẹ́ máa so kíbọ́ọ̀dù náà mọ́ kọ̀ǹpútà tó ti ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ni èmi máa yàn fún ẹ̀rọ tí o ń ṣe fúnra rẹ: F13 títí dé F24 wà nínú ìlànà USB, kíbọ́ọ̀dù tí a ń rà lọ́jà ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lò wọ́n. Fi F13 fún ẹ, F14 fún ọ, F15 fún ṣ, F16 fún mí, F17 fún dò, kí o wá yí ìtumọ̀ wọn nínú XKB, ètò tó ń sọ bọ́tìnnì di lẹ́tà lórí Linux. Linux ti ní ètò tí wọ́n pè ní ng fún Nàìjíríà, ẹ̀yà Yorùbá wà nínú rẹ̀. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí o kọ tìrẹ sórí ẹ̀dà náà.

Ṣọ́ra fún ojú dúdú tó máa ń yọ kí àwọn fèrèsé tó dé o. Fọ́ǹtì ibẹ̀ kò lè ní ju àwòrán lẹ́tà 512 lọ, kì í sì í gbé àmì gorí lẹ́tà. Terminal inú fèrèsé ni kí o lò fún Yorùbá.

*

Ẹnì kan tó ń ṣe àkójọ orúkọ béèrè ohun tí mi ò rò pé yóò yọjú síbí: ó kọ Adébáyọ̀ sínú fáìlì pẹ̀lú irú kíbọ́ọ̀dù báyìí, ó wá a láti orí fóònù, fáìlì ní kò sí nǹkan tó jọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ gidi ni. É àti á lè jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo nínú Unicode, wọ́n sì lè jẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú àmì tó gùn ún. Bákan náà ni wọ́n rí lójú, kọ̀ǹpútà ò kà wọ́n sí ọ̀kan. Ọ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀: kò sí ọ̀ tó jẹ́ ẹyọ kan, ọ ni U+1ECD, dò gbọ́dọ̀ gùn ún ni. Bọ́tìnnì àmì-lẹ́yìn bíi tiwa á máa kọ á gẹ́gẹ́ bíi méjì, kíbọ́ọ̀dù mìíràn sì lè kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Àwọn tó fara mọ́ àmì-ṣáájú ti ń fi èyí yọ̀ mí, torí tiwọn sábà máa ń kọ ẹyọ kan. Kò tó ìdí láti yí bọ́tìnnì padà. Ètò tó ń gba orúkọ ló yẹ kó sọ gbogbo rẹ̀ di irú kan náà kó tó fi pamọ́, kó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tí wọ́n bá fẹ́ wá. Nínú Python, ìlà kan ni: unicodedata.normalize("NFC", orúkọ). Kọ̀wé tàbí má kọ̀wé pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tèmi, wàá nílò rẹ̀, torí oríṣiríṣi fóònù ni àwọn èèyàn á fi máa kọ orúkọ ránṣẹ́ sí ọ.

*

Sẹmikólọ́ọ̀nù. Àwọn tó ń fi èdè C kọ kóòdù, tí wọ́n ń fi í parí gbólóhùn, ti ń sunkún láti àná pé mo fi ọ gba ipò rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ síbẹ̀: Fn+ọ ni. Ọwọ́ yín á lọ síbi tó ti mọ̀, ẹ kàn máa tẹ Fn mọ́ ọn. Ẹni tó ń kọ Python kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó kúrò.

Nọ́ńbà: Fn pẹ̀lú q dé p, 1 dé 0, ní títò. Ẹnì kan ní kí a ṣe é bíi ti BlackBerry, tí 1, 2, 3 wà lórí w, e, r, tí 4, 5, 6 wà lórí s, d, f, tí 7, 8, 9 wà lórí z, x, c. Torí pé fóònù ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, kéèyàn lè tẹ nọ́ńbà fóònù. Kọ̀ǹpútà yìí kò ní pe ẹnikẹ́ni.

Àwọn àmì àkámọ́, kí wọ́n wà ní méjì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ Fn lórí ìlà kejì: a àti s, d àti f, g àti h. Kí àmì ẹyọ (') tí a fi ń gé ọ̀rọ̀ kúrú wà níbi tó rọrùn, torí kóòdù ń lò ó, Yorùbá náà ń lò ó. Mo fi í sí Fn+l. Ìyókù, fi síbi tó bá wù ọ́.

*

« Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sódà báyìí? »

Ó tì o. Tẹ àwòrán yẹn sórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, 122 mm sí 41 mm, lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kí o dì í mú lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Mú ojú-ewé Yorùbá kan, mú kóòdù rẹ kan, fi àtàǹpàkò tẹ gbogbo rẹ̀ láìsáré. Ibi tí àtàǹpàkò bá ti ń ṣì í, fi bírò yí i ká. Bí dò kan lára méjèèjì bá wà tí o kò tẹ̀ rí, fi àyè rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn, kò sí ìjà níbẹ̀.

*

« Tab ńkọ́? Gbogbo yín ti gbàgbé Tab. »

Fn+Esc. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé nínú terminal, Tab ló ń parí orúkọ fáìlì fún ọ, wàá tẹ̀ ẹ́ ju Esc lọ. Bí kì í bá ṣe vi, ètò ìkọ̀wé tó ń lo Esc púpọ̀, lò ń lò, yí wọn padà: Tab lókè, Esc lábẹ́ Fn.